Gbígbin Kókó Áírísì Onírùngbọ̀n ní Ilẹ̀ Olótùútù: Bí Yóò Ṣe Ta Gbòǹgbò kí Ilẹ̀ Tó Dì

Ẹni tí ó ti bá bàbá rẹ̀ kọ ebè rí kí ó tó di ará Minnesota, ìpínlẹ̀ olótùútù kan ní àríwá Amẹ́ríkà, yóò fẹ́ bo kókó áírísì, ewéko olódòdó kan, mọ́lẹ̀ ṣinṣin ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ gbé e lọ́wọ́, nítorí bí a ṣe mọ iṣu sí nìyẹn: ohun tí a bá gbìn, inú ilẹ̀ ni ó ń gbé. Ohun tí èmi náà ṣe ní ọdún àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo gbẹ́ ihò tí ó jìn tó íǹṣì 5, mo tẹ́ kókó mẹ́fà sínú rẹ̀, mo sì wa erùpẹ̀ bò wọ́n títí n kò fi rí wọn mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ yọ́ ní oṣù Épírì, mẹ́rin nínú wọn ti rà, wọ́n rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n kọjá, òórùn wọn kò sì ṣeé fara mọ́. Méjì tí ó kù hu ewé, ṣùgbọ́n ọdún méjì kọjá kí wọ́n tó tanná. Òtútù ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀.

Áírísì onírùngbọ̀n ni èyí tí ewé òdòdó rẹ̀ mẹ́ta dúró sókè, tí mẹ́ta sì rọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìlà irun kan lórí wọn, èyí tí a fi ń fi í wé onírùngbọ̀n. Ó lágbára ju bí ó ṣe rí lọ. Nínú àwòrán ilẹ̀ tí iléeṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà fi pín orílẹ̀-èdè náà gẹ́gẹ́ bí òtútù ibi kọ̀ọ̀kan ṣe tó, ó lè gbé ní ẹkùn 3, níbi tí alẹ́ tí ó tutù jù lọ lọ́dún ti sábà máa ń dé ìwọ̀n 34 sí 40 nísàlẹ̀ òdo lórí Celsius. Ohun méjì mìíràn ni ó ń pa á. Àkọ́kọ́ ni omi tí ó dúró yí i ká, yálà ní ìgbà ìwọ́wé tàbí nígbà tí yìnyín bá ń yọ́. Èkejì ni ilẹ̀ tí ń dì tí ó tún ń yọ́ lemọ́lemọ́, tí ó sì ń ti kókó tí kò tíì ta gbòǹgbò sókè títí yóò fi wà ní gbangba bí ehín tí ó fẹ́ bọ́. Gbogbo ohun tí ó wà nísàlẹ̀ yìí kò ju bí a ó ṣe yẹra fún ohun méjì yìí lọ, nítorí náà, bí ẹ bá dé ibi tí ilẹ̀ yín yàtọ̀ sí èyí tí mo ṣàpèjúwe, ẹ bi ara yín léèrè pé: ṣé omi yóò dúró níhìn-ín, àti pé ṣé gbòǹgbò yóò ti múlẹ̀ kí ilẹ̀ tó dì?

Ohun tí ẹ gbé lọ́wọ́

Kókó áírísì kì í ṣe iṣu, kì í sì í ṣe àlùbọ́sà. Igi ara rẹ̀ gan-an ni, tí ó dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ dípò kí ó dìde, bí atalẹ̀ àti ìdò ṣe máa ń rìn nílẹ̀. Rhizome ni orúkọ rẹ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, òun náà ni ẹ ó sì rí lára páálí tí wọ́n bá kó o sínú rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n kókó ni n ó máa pè é. Oúnjẹ tí ewéko náà tọ́jú pamọ́ wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi lè wà lókè ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta láìkú, tí kò sì yẹ kí àyà yín já bí gbòǹgbò tí ó bá a wá bá ti gbẹ bí okùn àtijọ́. Lórí rẹ̀ ni ewé ti ń jáde, wọ́n sì máa ń tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀. Nísàlẹ̀ abẹ̀bẹ̀ yẹn, ní abẹ́ kókó, ni gbòǹgbò tuntun yóò ti yọ, funfun, ó sì nípọn bí okùn bàtà. Ìdí kókó, níbi tí a ti gé e kúrò lára ìyá rẹ̀, kì í hu nǹkan gidi mọ́. Ẹ rí i pé ẹ mọ orí yàtọ̀ sí ìdí, nítorí ibi tí orí bá kọjú sí ni ewéko náà yóò máa rìn lọ lọ́dọọdún.

Ìṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ìṣe rẹ̀. Kókó tí ó bá ti tanná lẹ́ẹ̀kan kò ní tanná mọ́ láéláé. Àwọn ọmọ tí ó yọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò tanná lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, bí aládùúgbò bá fẹ́ fún yín nínú tirẹ̀, ẹ tọrọ àwọn ọmọ, kí ẹ má sì gba ìyá tí kùkùté igi òdòdó ṣì wà láàárín ewé rẹ̀, àyàfi bí ọmọ bá ti wà lára rẹ̀. Kókó tí ó dára le, ó wúwo díẹ̀ sí bí ó ṣe tó, gígùn rẹ̀ a sì tó íǹṣì 3 tàbí 4 bí ó bá jẹ́ ti irú èyí tí ó ga. Bí ibi tí ẹ ń gbé bá jẹ́ pápá gbalasa tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gidigidi, irú èyí tí kò ga tó ṣẹ̀ńtímítà 70 yóò rọrùn fún yín ju àwọn tí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí igi òdòdó wọn kì í tètè wó, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń tanná ṣáájú àwọn tí ó ga.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ibi tí ẹ ó ti rà á. Ìdílé Schreiner, tí ó wà lára àwọn olókìkí jù lọ nínú òwò áírísì ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ní ìlú St. Paul níhìn-ín ní ọdún 1925, ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1940 wọ́n kó lọ sí Oregon, níbi tí ojú ọjọ́ ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Títí di òní, Oregon wà lára ibi pàtàkì tí a ti ń kó kókó wá. Ẹni tí ń kó ọjà ránṣẹ́ láti ibi tí ìgbà òtútù kò ti le lè má rí ohun tí ó burú nínú kí kókó yín dé ní ìparí oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Ẹ kọ̀wé sí i nígbà tí ẹ bá ń sanwó, kí ẹ sọ fún un pé oṣù Júláì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ni ẹ fẹ́ ẹ.

Kíka ọjọ́ padà sẹ́yìn

Kókó nílò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sì dára jù, láàárín ọjọ́ tí a gbìn ín àti ọjọ́ tí ilẹ̀ yóò dì. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ọjọ́ tí ó bá yín lára mu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ilẹ̀ ń dì, kí ẹ sì máa ka ọ̀sẹ̀ padà sẹ́yìn. Ní agbègbè Minneapolis àti St. Paul, ìrì dídì àkọ́kọ́ sábà máa ń bọ́ láti ìparí oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà sí àárín oṣù Òkítóbà. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í dì gbagidi títí di ìparí oṣù Nòfẹ́ńbà tàbí oṣù Dìsẹ́ńbà, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kì í yára dàgbà mọ́ bí erùpẹ̀ bá ti tutù, nítorí náà ẹ má ṣe ka oṣù Nòfẹ́ńbà mọ́ ọ̀sẹ̀ tí ó wúlò. Bí a bá ṣe é báyìí, ìparí oṣù Júláì títí dé ìparí oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ni ìgbà tí ó dára jù, ìdajì oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà sì ni òpin. Ẹni tí ó bá wà ní àríwá jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí Duluth tàbí Bemidji, kí ó parí tirẹ̀ kí oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì tó tán.

Ìdí mìíràn tún wà tí oṣù Júláì àti Ọ́gọ́ọ̀sì fi dára, èyí tí ó ti inú ewéko náà fúnra rẹ̀ wá. Ní ìhín, áírísì ń tanná láti àárín oṣù Méè sí oṣù Júùnù, ó sì máa ń sinmi díẹ̀ lẹ́yìn náà. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn tí òdòdó bá rọ, gbòǹgbò àtijọ́ ti ń kú lọ, àwọn ọmọ sì ti ń múra láti ta gbòǹgbò tuntun tiwọn. Bí a bá tú kókó nígbà yẹn tí a sì tún un gbìn, a bá a nígbà tí òun náà ń wá ilẹ̀ tí yóò wọ̀. Gbígbìn ní ìgbà ìrúwé kì í pa á, ṣùgbọ́n ẹ má retí òdòdó lọ́dún náà.

Ibi tí ẹ ó gbìn ín sí

Ibi tí oòrùn ti ń ràn sí i fún wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ ó kéré tán ni kí ẹ wá. Ewé yóò hu lábẹ́ òjìji, òdòdó ni kò ní yọ, erùpẹ̀ tí ó wà lábẹ́ òjìji kì í sì í tètè gbẹ.

Ọ̀rọ̀ omi ni ó gba àkíyèsí jù. Ẹ gbẹ́ ihò kan tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ pọn omi kún un, ẹ jẹ́ kí ó fà tán, kí ẹ tún kún un lẹ́ẹ̀kejì. Bí omi ẹlẹ́ẹ̀kejì bá ti lọ láàárín wákàtí mélòó kan, ibẹ̀ dára. Bí ẹ bá jí lọ́jọ́ kejì tí ẹ ṣì bá omi níbẹ̀, ilẹ̀ amọ̀ ni, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ gbin kókó sí ojú ilẹ̀ títẹ́jú níbẹ̀. Ibí yìí ni ọgbọ́n ebè tí a kọ́ láti ilé ti wúlò: ẹ kó erùpẹ̀ jọ kí ó ga ju ilẹ̀ àyíká lọ ní íǹṣì 6 sí 8, kí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí etí rẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kí omi lè ṣàn kúrò. Ẹ po ewé tí ó ti jẹrà dáadáa mọ́ ọn kí ó lè tú. Àwọn kan yóò sọ fún yín pé kí ẹ da iyanrìn sí amọ̀; bí iyanrìn náà kò bá pọ̀ gidigidi, ohun tí ẹ ó rí kó jọ le bíi bíríkì, mi ò sì gbà yín níyànjú rẹ̀.

Ẹ wo òkè pẹ̀lú, kì í ṣe ilẹ̀ nìkan. Ibi tí omi òrùlé ti ń dà, ibi tí yìnyín orí òrùlé ti ń ya lulẹ̀, àti ẹ̀gbẹ́ títì tí wọ́n máa ń da iyọ̀ sí ní ìgbà òtútù, gbogbo wọn ni kò yẹ áírísì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbẹ́ koríko tí ẹ̀rọ ń fọ́n omi sí láràárọ̀. Ní ti bí erùpẹ̀ ṣe kan tó, pH tí ó wà láàárín 6.5 àti 7 ni ó fẹ́ràn jù. Yàrá àyẹ̀wò ilẹ̀ ti Yunifásítì Minnesota lè bá yín yẹ tiyín wò bí ẹ bá fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn.

Pípèsè kókó

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, nítorí omi ara kókó máa ń yún àwọn ẹlòmíràn lára, kí ẹ má sì jẹ́ kí ajá tàbí ológbò jẹ ẹ́, májèlé ni fún wọn.

Ẹ fi ìka tẹ kókó kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí. Ibi tí ó bá rọ̀, ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé e dànù títí ẹ ó fi kan ibi tí ó funfun tí ó sì le, kí ẹ nu ọ̀bẹ náà pẹ̀lú omi bílíìṣì kí ẹ tó fi kan òmíràn. Bí ẹ bá ń tú odidi ìdì kan tí ẹ wú, ẹ gé e kí kókó kọ̀ọ̀kan ní abẹ̀bẹ̀ kan àti gbòǹgbò díẹ̀. Ẹ gé ewé kí ó kù ní nǹkan bí íǹṣì 6, nítorí gbòǹgbò kò tíì sí tí yóò fa omi fún ewé gígùn, afẹ́fẹ́ yóò sì máa fi ewé gígùn mi kókó lójú ihò kí ó tó múlẹ̀. Ẹni tí kò bá fọkàn tán ibi tí kókó rẹ̀ ti wá lè rì í sínú omi bílíìṣì, ìwọ̀n bílíìṣì kan sí ìwọ̀n omi mẹ́sàn-án, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ wọn sí ibi òjìji tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ojú tí a gé lè gbẹ kí ó sì yi. Ẹ má ṣe fo èyí, nítorí ojú egbò tútù ni kòkòrò àìlèfojúrí tí ń mú kókó rà ti máa ń wọlé.

Gbígbìn

Ẹ gbẹ́ ihò tí ó fẹ̀ tó awo oúnjẹ, tí ó sì jìn tó íǹṣì 4. Ẹ kó erùpẹ̀ díẹ̀ padà sí àárín rẹ̀ kí ó di òkè tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú ilẹ̀ dọ́gba. Ẹ gbé kókó jókòó lórí òkè yìí bí ẹni gun ẹṣin, kí gbòǹgbò kan bọ́ sí ọ̀tún, kí òmíràn bọ́ sí òsì, kí wọ́n na ara wọn wálẹ̀ dáadáa, kí wọ́n má ká jọ sábẹ́ kókó. Ẹ wa erùpẹ̀ bo gbòǹgbò, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ ṣinṣin, ẹ tún wa erùpẹ̀ sí i, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Àlàfo tí ó bá kù lábẹ́ kókó ni omi yóò kún, omi náà ni yóò sì di yìnyín níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ̀yìn kókó gbọ́dọ̀ hàn lójú ilẹ̀ bí ẹ̀yìn ọ̀nì ṣe máa ń hàn lójú omi. Ilẹ̀ amọ̀ ni mo ń bá wí nígbà tí mo sọ èyí. Lórí ilẹ̀ oníyanrìn tí kì í dá omi dúró, ẹ lè fi erùpẹ̀ bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó má ju íǹṣì 1 lọ, nítorí iyanrìn yóò gbẹ kíákíá lẹ́yìn òjò, ìwọ̀nba erùpẹ̀ yẹn yóò sì dì í mú. Mo mọ̀ pé yóò dà bí ẹni pé ẹ fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò kí òtútù pa á. Ẹ fara dà á. Oòrùn tí ń yan ẹ̀yìn kókó ni ó ń jẹ́ kí ó gbẹ, kókó tí ó gbẹ ni kì í rà, òun náà ni ó sì ń tanná.

Àlàfo ẹsẹ̀ bàtà kan sí ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀ ni kí ó wà láàárín kókó kan àti èkejì. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó kún ojú kíákíá, ẹ gbin mẹ́ta irú kan náà sí orígun mẹ́ta, kí ìdí wọn kọjú sí ara wọn, kí abẹ̀bẹ̀ wọn sì kọjú síta, kí wọ́n má bàa rìn gun ara wọn mọ́lẹ̀ ní ọdún kejì. Ẹ kọ orúkọ irú rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ gbìn ín sí ara igi pẹlẹbẹ kan kí ẹ rì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, nítorí yíǹkì kì í la ìgbà òtútù kan já. Nígbà náà ni kí ẹ bomi rin ín dáadáa, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí omi lè mú erùpẹ̀ sún mọ́ gbòǹgbò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí yóò fi múlẹ̀

Bí òjò kò bá rọ̀, ẹ bomi rin ín ní ọjọ́ 7 sí 10 síra wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹ jẹ́ kí ojú ilẹ̀ gbẹ kí ẹ tó tún rin ín. Ewé tí ó wà ní etí abẹ̀bẹ̀ yóò pọ́n, yóò sì gbẹ. Ìyẹn kò burú. Ewé tí ó wà láàárín ni kí ẹ máa wò. Bí ewé tuntun bá ti ń yọ láàárín, tí ó ga ju ibi tí ẹ gé àwọn yòókù dé lọ, gbòǹgbò ti ń jáde nísàlẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ fi ìka méjì di abẹ̀bẹ̀ mú kí ẹ fà á díẹ̀, bí ìgbà tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá èèkàn ti dúró. Bí ó bá tako yín, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá mì, ẹ tún erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ̀, kí ẹ sì gbé bíríkì kan lé ìdí kókó, kì í ṣe lórí abẹ̀bẹ̀, títí di ìgbà ìrúwé. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń gbin áírísì níbi tí òtútù ti ń mú ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo kókó tuntun, bóyá ó mì tàbí kò mì.

Ẹ má ṣe fi ajílẹ̀ tí náítírójìn rẹ̀ pọ̀ sí i ní ìgbà yìí, ẹ má sì da ìgbẹ́ màlúù tàbí ti adìyẹ sí i. Náítírójìn ń mú kí ewé hu tútù yọ̀yọ̀, ó sì ń mú kí ara kókó rọ̀, ohun tí ó sì rọ̀ ni ó ń tètè rà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ dáwọ́ omi dúró, àyàfi bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá le.

Ìgbà òtútù

Lẹ́yìn tí ìrì dídì bá ti pa ewé, nígbà tí oṣù Òkítóbà bá ń parí lọ, ẹ gé ewé kí ó kù ní íǹṣì 6, kí ẹ sì kó gbogbo èyí tí ó gbẹ kúrò nínú ọgbà pátápátá. Kì í ṣe nítorí ẹwà nìkan. Àfòpiná kan wà tí ó máa ń yé ẹyin sára ewé áírísì gbígbẹ ní ìgbà ìwọ́wé. Ẹyin wọ̀nyí lè la òtútù já, wọ́n á sì pa ní ìgbà ìrúwé, ìdin wọn a wá wọ inú ewé, a sì máa jẹ ẹ́ bọ̀ wálẹ̀ títí yóò fi dé inú kókó.

Ní ti bíbò, ẹ dúró. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a bo kókó ní ọjọ́ tí òtútù bá kọ́kọ́ mú wa fúnra wa. A kì í bò ó kí ó lè móoru. A ń bò ó kí ó lè máa tutù lọ ní ọ̀nà kan náà, bí àwọn tí ń ta yìnyín ṣe máa ń fi ìyẹ̀fun pákó bo ọjà wọn kí ó má bàa yọ́. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ni èyí: omi inú erùpẹ̀ ń di yìnyín, yìnyín ń wú, ó sì ń gbé ojú ilẹ̀ àti kókó sókè, ní ọ̀sán, oòrùn yọ́ ọ, erùpẹ̀ padà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kókó kò bá a padà tán. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ fún ogún ọjọ́ ní oṣù Màáṣì, gbòǹgbò ti já, kókó sì ti wà lórí ilẹ̀ bí òkúta. Nítorí náà, nígbà tí íǹṣì kan tàbí méjì òkè ilẹ̀ bá ti dì, tí ọ̀pá kò wọ̀ ọ́ mọ́, ni kí ẹ tó fi koríko gbígbẹ tàbí ẹ̀ka igi páìnì bò ó, kí ó nípọn tó íǹṣì 3 tàbí 4. Ẹ̀ka igi Kérésìmesì tí àwọn aládùúgbò ń jù síta lẹ́yìn ọdún wúlò púpọ̀ fún èyí, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ má lo ewé igi tí ó wọ́ sílẹ̀ nínú àgbàlá, pàápàá ewé mépù, nítorí yóò lẹ̀ pọ̀ bí aṣọ tútù, yóò sì dá omi dúró lórí kókó.

Bí òjò dídì bá tètè bo ilẹ̀ tí kò sì yọ́ títí di oṣù Màáṣì, òun gan-an ni ìbora tí ó dára jù, ẹ kò sì nílò òmíràn. Kò kàn ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ni. Lẹ́yìn ọdún kejì, kókó tí ó ti fìdí múlẹ̀ kì í nílò bíbò mọ́ ní ẹkùn 4 àti 5, tí òtútù wọn kò tó ti ẹkùn 3.

Nígbà tí ilẹ̀ bá yọ́

Láti ìparí oṣù Màáṣì sí àárín oṣù Épírì, ẹ máa ṣí ìbora náà díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ẹ má ṣí gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kí ẹ má sì jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ewé tuntun bá ti ń yọ. Kókó tí ilẹ̀ bá ti sókè, ẹ má fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, gbòǹgbò yóò já. Ẹ dúró títí erùpẹ̀ yóò fi yọ́ pátápátá, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì wa erùpẹ̀ bo gbòǹgbò tí ó bá hàn.

Ẹ fi ìka tẹ kókó kọ̀ọ̀kan, ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Èyí tí ó bá ń rà kò ṣeé fi pamọ́ fún imú. Bí ibi kékeré ni, kò pọn dandan kí ẹ hú u: ẹ fi ṣíbí ha ibi tí ó rọ̀ dànù títí dé ibi tí ó le, ẹ fi omi bílíìṣì ti ìṣáájú wẹ̀ ẹ́, ẹ wa erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á fún ọjọ́ mélòó kan. Mo ti rí kókó tí kò ku ju ìlàjì lọ tí ó padà bọ̀ sípò nípa ọ̀nà yìí.

Nígbà tí ewé tuntun bá ga tó íǹṣì 6, ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ ajílẹ̀ 5-10-10 kan (nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ti náítírójìn, òun ni ó sì kéré jù) yí ìdì kọ̀ọ̀kan ká, kí ó má kan kókó. Láti ìparí oṣù Épírì ni kí ẹ sì máa wo etí ewé. Bí ẹ bá rí ibi tí nǹkan ti gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí eyín ayùn, tàbí ìlà tútù tí ń lọ sísàlẹ̀ láti ojú ihò kékeré, ìdin ti wọlé. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fún ewé náà láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ pa nínú rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó dé inú kókó ní oṣù Júláì, yóò ti gùn tó íǹṣì kan àtààbọ̀, ẹ ó sì ní láti hú kókó kí ẹ tó lè yọ ọ́.

Òdòdó lè yọ ní ọdún àkọ́kọ́, ó sì lè má yọ. Kókó tí ó ná gbogbo agbára rẹ̀ sórí gbòǹgbò ní ìgbà ìwọ́wé kò jẹ gbèsè kankan. Ọdún kejì ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí ọdún kejì bá kọjá láìsí òdòdó, tí oòrùn sì tó, ẹ wa erùpẹ̀ ẹ̀yìn kókó wò, ó ṣeé ṣe kí ó ti rì jù.

Bí kókó bá pẹ́ dé

Bí páálí bá dé ní oṣù Òkítóbà, ẹ má gbìn ín sílẹ̀. Ẹ gbìn ín sínú ìkòkò onírọ́bà tí ó ní ihò nísàlẹ̀, tí ó fẹ̀ tó íǹṣì 6 sí 8, pẹ̀lú erùpẹ̀ fúyẹ́ tí ẹ ti po iyanrìn gbàrùgbàrù mọ́, kí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn gẹ́gẹ́ bí ti ìta. Ẹ bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e síbi tí oòrùn wà títí ìrì dídì yóò fi le, kí ẹ wá gbé e sínú gáréèjì tí wọn kì í mú gbóná. Ẹ má gbé e wọ pálọ̀ nítorí àánú: áírísì nílò òtútù kí ó tó lè mú òdòdó jáde, ìkòkò tí ó bá sì wà nínú ooru yóò kàn máa na ewé lásán. Omi díẹ̀, bí ife tíì kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ti tó títí di oṣù Épírì, nígbà tí ẹ ó gbé odidi erùpẹ̀ ìkòkò náà sínú ilẹ̀ láìtú gbòǹgbò rẹ̀.

Gbogbo èyí, áírísì onírùngbọ̀n ni mo fi ń ṣe. Bí ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín bá jẹ́ irú ti Siberia, tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti koríko, tí òdòdó rẹ̀ kò sì nírùngbọ̀n, ẹ yí ìlànà náà padà: ẹ má jẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ gbẹ rárá láti inú páálí títí dé inú ilẹ̀, ẹ bò ó mọ́lẹ̀ ní íǹṣì 1 sí 2, kí ẹ sì máa bomi rin ín títí ilẹ̀ yóò fi dì.